Ẹ̀wù Mẹ́tàlélógún

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ti kọṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé,
òjò Suva kò sì bìkítà pé a ní àlejò.
Nítorí náà ọwọ́ mi ni, àti ọṣẹ, àti ọpọ́n sìmẹ́ńtì
lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sí.
Ẹ̀wù mẹ́tàlélógún ti Tóńgà, pupa bí ata gbígbẹ,
mẹ́tàlélógún ti Sàmóà, aláró.
Ti Jàpáàn kì í dé ọ̀dọ̀ mi.
Àwọn mú afọṣọ tiwọn wá.

Ẹ má pè wọ́n ní àgbà eléré.
Àwọn àgbà wà ní ìlú òyìnbó, tí rédíò ń dárúkọ wọn.
Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ wò
bí ọbẹ̀ tó wà lórí iná,
kí ọ̀gá tó mọ iyọ̀ tó kù.
Ọ̀kan ń hú ẹ̀gẹ́ lóko bàbá rẹ̀,
ọ̀kan ń ta káàdì fóònù létí èbúté,
ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá, ó tọrọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi Vaciseva, n kò dé pápá náà rí.
Ẹ̀wù ni mo fi ń ka rọ́gíbì.
Ti nọ́ńbà kìíní dé ìkẹta, ọrùn wọn a ya,
torí orí ni wọ́n fi ń kan orí:
ẹni mẹ́jọ ń tì, ẹni mẹ́jọ ń tì padà,
bí ìgbà tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn
tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù.
Ti nọ́ńbà kẹsàn-án, ẹ̀yìn ló ń dọ̀tí;
ọmọ kékeré ni, kò sẹ́ni tí kì í gbé e ṣánlẹ̀.
Wọ́n ní ẹ̀yìn nìkan ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù náà sí,
síbẹ̀ iwájú ni gbogbo wọn ń lọ.
Mo rẹ́rìn-ín.
Mo ní, ọmọ títọ́ ni ẹ ń júwe un.

Ṣùgbọ́n mẹ́tàlélógún, ti Tóńgà.
Ọjọ́ kìíní, ó mọ́.
Ọjọ́ kejì, ó mọ́, òórùn ọṣẹ mi ṣì wà lára rẹ̀.
Mo fọ̀ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀wù tí kò dọ̀tí ló ṣòro fọ̀ jù;
ọwọ́ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.
Kalafi ni orúkọ ọmọ náà. Òun ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ wá,
a sì fi tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá
bí ẹni ń fi èsì ìdánwò pamọ́ fún bàbá.

Ọjọ́ ìkẹyìn, òjò, Tóńgà pẹ̀lú àwa.
Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí wọ́n tó pè é wọlé.
N kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wù ló rò fún mi:
ẹrẹ̀ láyà, ẹrẹ̀ léjìká,
èékánná ẹlòmíràn fa òwú kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó ní kì í ṣe tòun,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.
Wọ́n pàdánù o. Ayò méjìlá. Kò kàn án.
Lókè apẹ̀rẹ̀ ló gbé e lé:
“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ èyí.”

Mo wo ìwé. Mẹ́tàlélógún jáde,
mẹ́tàlélógún ni yóò padà.
Ẹ̀wù àjọ ni. Lọ́dún tó ń bọ̀
ọmọ ẹlòmíràn ni yóò ki orí bọ̀ ọ́.
Mo fọ̀ ọ́.
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Lábẹ́ apá òsì, ibì kan tí kò ju owó ẹyọ lọ
kọ̀, kò lọ.
Ìgò bílíìṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.
Mo sá ẹ̀wù náà sábẹ́ páànù.

Aago márùn-ún ìdájí, bọ́ọ̀sì dé.
Ọkùnrin kan ń fi tọ́ọ̀ṣì ka ẹ̀wù sínú àpò,
ó pé, ó fọwọ́ síwèé,
kò yẹ abẹ́ apá ẹnikẹ́ni wò.